ILÉ TÍ WỌN KÒ KỌ IYE OWÓ SÍ

Ẹ̀kọ́ Oṣooṣù fún Ìdílé
Bíbélì kíkà: Jẹ́nẹ́sísì 23:3-20, Lúùkù 14:28-30

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí ọ̀ràn kan tí ọ̀pọ̀ ìdílé ti bá wa sọ lẹ́yìn ìsìn. Wọ́n rí ilé tó wù wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kò rí iye rẹ̀ níbi kankan. Kí ni kí wọ́n ṣe?

Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́ tiwa ná. Ní ọdún 2019, àwa àti bàálé wa ń wakọ̀ kọjá ní agbègbè Bowie nígbà tí a rí pátákó kan níwájú ilé bíríkì kan. Àwòrán ilé náà wà lára pátákó, nọ́ńbà tẹlifóònù wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n níbi tó yẹ kí iye owó wà, "Call for Price" ni wọ́n kọ, ìyẹn ni pé kí ẹni tó bá fẹ́ mọ iye rẹ̀ pe àwọn. A pè. Ọkùnrin tó gbé tẹlifóònù kí wa tọ̀yàyàtọ̀yàyà, lẹ́yìn náà ó ní, "Eélòó ni báńkì ní àwọn lè yá yín?" Inú wa ṣì ń dùn sí lẹ́tà tí báńkì ṣẹ̀ṣẹ̀ fún wa. Láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì, a ní $420,000 ni. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní a ṣe oríire, iye tí onílé ń béèrè gẹ́lẹ́ nìyẹn.

A dúpẹ́. A tilẹ̀ gbàdúrà ọpẹ́ nínú ọkọ̀. Àgbà kan nínú ìjọ ló bi wá léèrè ní ọjọ́ Àìkú pé, "Ẹ ti wo ìwé ìjọba?" A ní, "Ìwé wo, sà?" Ó jókòó tì wá, ó ṣí kọ̀ǹpútà, ó sì fi hàn wá pé wọ́n ta ilé mẹ́ta tó jọ èyí ní òpópónà kan náà láàrin ọdún yẹn, èyí tó sì wọ́n jù nínú wọn kò kọjá $365,000. Ọjọ́ kejì ni à bá fọwọ́ sí ìwé. $55,000 ni ẹnu wa ìbá ná wa. A kò ra ilé náà mọ́. Àwọn àgbà wa kúkú ti sọ ọ́ pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ohun tí a fẹ́ kí olúkúlùkù mú dání nínú ẹ̀kọ́ yìí ni pé ilé tí wọn kò kọ iye sí kì í ṣe ilé tí kò ní iye. Iye náà wà níbìkan. Kí a mọ ibi tó wà kí a tó la ẹnu wa.

1. Irú ọjà yìí kò ṣàjèjì sí wa

Ó yẹ kí ó yani lẹ́nu pé àwa ọmọ Yorùbá ni irú nǹkan báyìí ń dẹ́rù bà. Ta ló kọ iye owó sára iṣu ní Ọjà Ọba ní Ìbàdàn? Ta ló lẹ bébà mọ́ ẹja ní Oyíǹgbò? Nígbà tí ìyá wa bá mú wa lọ sọ́jà, kì í ra ohunkóhun níbi àtẹ tó kọ́kọ́ kàn. Yóò rìn yí ọjà ká ná. Yóò gbọ́ iye tí ẹlòmíràn ń ná an, yóò wo ọwọ́ ẹni tó ń kúrò nídìí àtẹ, yóò bi ẹni tó ti rà á léèrè. Nígbà tí yóò bá padà sọ́dọ̀ olọ́jà, ó ti mọ iye ọjà lọ́kàn ara rẹ̀, owó rẹ̀ sì wà ní ìdí ìró níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti rí i. Kò sí olọ́jà tó lè bi ìyá wa pé, "Eélòó lẹ mú wá?" kí ó sì dá a lóhùn.

Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé Amẹ́ríkà, ibi gbogbo ni wọ́n ti ń kọ iye owó sára ọjà, láti orí búrẹ́dì dé orí bàtà, ojú wa sì fọ́ sí ohun tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí a bá wá rí ilé tí kò ní iye, a máa ń rò pé ẹni tó ń tà á nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí à ń ṣe kọ́ wa ní ọgbọ́n kan náà. Bí a bá mú ìgò oògùn tí ara rẹ̀ kò fi ìwọ̀n hàn, a kì í fi ojú díwọ̀n rẹ̀, a kì í sì bi aláìsàn pé mélòó ló rò pé òun lè gbé mì. Ìwé la ń padà lọ wò.

2. Ábúráhámù ní ẹnu ibodè

Ẹ jẹ́ kí a wo Bíbélì. Sárà kú ní Hébúrónì, Ábúráhámù kò sì ní ilẹ̀ tí yóò sin ín sí. Ó jẹ́wọ́ fún àwọn ọmọ Hẹ́tì pé àlejò ni òun láàrin wọn, ó sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá òun bá Éfúrónì sọ̀rọ̀ nítorí ihò àpáta Mákípélà. Ẹ kíyè sí i pé kò sí iye kankan lórí ilẹ̀ náà. Éfúrónì tilẹ̀ dáhùn níwájú gbogbo ènìyàn pé òun fi í fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí Ábúráhámù takú pé òun yóò sanwó ni Éfúrónì fi ọgbọ́n sọ iye rẹ̀, irínwó ṣékélì fàdákà, ó sì sọ ọ́ bí ẹni pé kò jẹ́ nǹkankan láàrin ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́.

Àwọn ohun mẹ́rin ni àlejò yìí ṣe tó yẹ kí àwa àlejò òde òní kọ́. Èkínní, kò gba ọ̀rọ̀ dídùn dípò iye owó. Èkejì, ó jẹ́ kí ẹni tó ni ilẹ̀ kọ́kọ́ dárúkọ iye. Ẹ̀kẹta, etí gbogbo àwọn ará ìlú ni wọ́n ti sọ ọ́, ìwọ̀n tí àwọn oníṣòwò ń lò ni ó sì fi wọn fàdákà náà, kì í ṣe ìwọ̀n tí ẹnìkan gbé wá láti ilé. Ẹ̀kẹrin, a to ohun tó rà lẹ́sẹẹsẹ: pápá náà, ihò tó wà nínú rẹ̀, àti gbogbo igi tó wà ní ààlà rẹ̀ yíká. Lẹ́yìn èyí ni ó tó sin aya rẹ̀. Ọ̀fọ̀ ńlá ṣẹ̀ ẹ́, ó nílò ilẹ̀ náà lójú méjèèjì, síbẹ̀ kò jẹ́ kí ìbànújẹ́ sọ òun di ẹni tí kò bèèrè ọ̀rọ̀.

3. Oríṣi mẹ́ta tí a óò bá pàdé ní Prince George's

Kì í ṣe ìdí kan náà ló ń mú kí wọ́n fi iye owó pamọ́. Ní àyíká wa níbí, oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀.

(a) Pátákó tó ní kí a pè. Ilé tí ó bá wà nínú ìwé àkójọ àwọn ajẹ́ńtì, èyí tí wọ́n ń pè ní Bright MLS ní agbègbè wa, máa ń ní iye tí onílé ń béèrè. Nítorí náà, bí ilé kan kò bá ní iye, ó lè jẹ́ pé onílé fúnra rẹ̀ ló ń tà á, tàbí pé ajẹ́ńtì kò tíì gbé e síta fún gbogbo ayé, tàbí pé wọ́n fẹ́ mọ agbára ẹni tó ń bọ̀ kí wọ́n tó dárúkọ owó. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ní ète búburú. Àwọn mìíràn kò tíì pinnu iye tí wọ́n fẹ́. Ṣùgbọ́n ewu kan wà níbẹ̀: iye tí a kò kọ sílẹ̀ lè yàtọ̀ láti ẹnu dé etí. Ó lè jẹ́ ọ̀kan fún ẹni tí ohùn rẹ̀ dàbí tiwa, kí ó sì jẹ́ òmíràn fún ẹlòmíràn. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1968 tí wọ́n ń pè ní Fair Housing Act ka èyí léèwọ̀, pé kí a tìtorí ẹ̀yà, àwọ̀, ẹ̀sìn tàbí orílẹ̀-èdè tí ẹnìkan ti wá yí ọ̀rọ̀ ilé padà fún un. Oògùn rẹ̀ ni pé kí a béèrè iye náà lórí ìwé, ní lẹ́tà tàbí ní í-meèlì, kí ó lè jẹ́ ẹ̀rí.

(b) Gbàǹjo tí wọ́n ń kéde nínú ìwé ìròyìn. Èyí ló yẹ kí a dúró lé lórí, nítorí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba owó àjọ lọ́wọ́ arákùnrin wa kan. Ó mú ìwé ìròyìn kan wá fún wa. Lára rẹ̀ ni ìkéde kan wà pẹ̀lú àkọlé "Substitute Trustees' Sale", àdírẹ́sì ilé kan wà níbẹ̀, owó méjì sì wà nínú rẹ̀: $312,000 àti $25,000. Ó ní, "Ẹ wò ó, ilé $25,000! Àjọ mi yóò bọ́ sí mi lọ́wọ́ lóṣù tó ń bọ̀." A ní kí ó fara balẹ̀, a sì jọ ka ìkéde náà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Irú ìkéde báyìí ń jáde nígbà tí onílé kò bá lè san owó mọ́gééjì mọ́, tí ẹni tó yá a lówó sì fẹ́ ta ilé náà. Òfin Maryland ní kí wọ́n kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta léraléra, kí ìkéde àkọ́kọ́ sì ṣáájú ọjọ́ gbàǹjo ní ọjọ́ 15 ó kéré tán. Ní káńtì wa, ilé ẹjọ́ tó wà ní Main Street ní Upper Marlboro ni ìkéde wọ̀nyí sábà máa ń pe àwọn olùrà sí, ní ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Duval Wing. Owó ńlá tí arákùnrin wa rí, $312,000, kì í ṣe iye ilé náà. Gbèsè tí onílé kọ́kọ́ yá ní ọjọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. $25,000 náà kì í ṣe iye ilé. Owó àsansílẹ̀ tí ẹni tó bá borí níbi gbàǹjo gbọ́dọ̀ kó sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀ ni, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀kì tí báńkì fọwọ́ sí. Iye ilé gan-an kò sí nínú ìkéde náà rárá. Ẹnu àwọn tó ń ná an ní ọjọ́ náà ni yóò ti jáde, ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè pàápàá sì lè wà láàrin àwọn tó ń ná an.

Ẹ jẹ́ kí a ka ìyókù, nítorí ibẹ̀ ni ejò wà. "As is" túmọ̀ sí pé bí ilé náà ṣe wà ni wọ́n ṣe tà á. A kì í sábà rí inú rẹ̀ kí a tó rà á. Bí òrùlé ń jò, bí omi kún àjà ilẹ̀, ti ẹni tó rà á ni. Bí ènìyàn bá ṣì ń gbé inú rẹ̀, ọ̀rọ̀ olùrà àti kóòtù ni bí onítọ̀hún yóò ṣe jáde. Títà náà kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ títí ilé ẹjọ́ gíga káńtì, Circuit Court, yóò fi fọwọ́ sí i, wọ́n sì máa ń fi ọgbọ̀n ọjọ́ sílẹ̀ fún ẹni tó bá ní àtakò. Lẹ́yìn tí kóòtù bá fọwọ́ sí i, ìkéde sábà máa ń fún olùrà ní ọjọ́ mẹ́wàá péré láti san ìyókù, pẹ̀lú èlé tó ti ń gorí rẹ̀ láti ọjọ́ gbàǹjo. Ẹni tí kò bá lè san án yóò pàdánù owó àsansílẹ̀ rẹ̀. Wọ́n lè tún ilé náà tà, kí wọ́n sì kó ìnáwó títà ẹ̀ẹ̀kejì lé e lórí.

Arákùnrin wa ká ìwé ìròyìn náà, ó ní, "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run." Owó àjọ rẹ̀ wà ní báńkì títí di òní, ó ń dúró de ilé tó yẹ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù nípa gbàǹjo. Ilé tí à ń wò nínú ìwé ìròyìn yẹn, ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan máa sunkún nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìdàrúdàpọ̀ ọrọ̀ ajé ti ọdún 2008, káńtì wa ni gbígba ilé lọ́wọ́ onílé ti pọ̀ jù lọ ní gbogbo Maryland, ó sì kan àwọn ará wa. Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá rí i pé àdírẹ́sì tirẹ̀ ń bọ̀ wá wọ ìwé ìròyìn, kí ó má ṣe fi pamọ́ nítorí ìtìjú. Láti ọdún 2010 ni òfin Maryland ti fún ẹni tó ń gbé inú ilé tirẹ̀ láàyè láti béèrè fún ìjókòó ìlàjà pẹ̀lú ẹni tó yá a lówó. Kí ó tètè ké gbàjarè nígbà tí ọ̀nà ṣì wà.

Ẹ má sì ṣe da gbàǹjo yìí pọ̀ mọ́ èyí tí káńtì ń ṣe lọ́dọọdún nítorí owó orí ilé. Iye tó máa ń wà nínú àkójọ yẹn jẹ́ gbèsè owó orí. Ìwé ẹ̀rí gbèsè ni ẹni tó bá san án yóò gbà, kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ ilé. Onílé ṣì ní àyè láti rà á padà, kóòtù sì ni ìyókù ọ̀rọ̀ ń gbà kọjá.

(d) Ilé titun tí wọ́n ń kọ́. Níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé titun, pátákó lè ní "From the 500s". Èyí dàbí iye, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ iye ni. Ilé tó kéré jù lọ, lórí ilẹ̀ tí kò dára jù lọ, láìsí àfikún kankan, ni iye yẹn ń tọ́ka sí. Ilé tí wọ́n ń fi hàn wá tó ń dán gbinrin, àfikún ló kún inú rẹ̀. Kí a béèrè lórí ìwé pé: ilé yìí gan-an, lórí ilẹ̀ yìí gan-an, pẹ̀lú ohun tí ojú wa ń rí yìí, eélòó ni?

4. Ibi tí iye ilé wà

Nínú Jeremáyà orí 32, wòlíì náà ra pápá kan ní Ánátótì ní ṣékélì mẹ́tàdínlógún, wọ́n kọ ìwé méjì, wọ́n fi èdìdì di ọ̀kan, wọ́n fi èkejì sílẹ̀ ní ṣíṣí, wọ́n sì kó wọn sínú ìkòkò amọ̀ kí wọ́n lè pẹ́. Maryland náà ní ìwé tó wà ní ṣíṣí. Iléeṣẹ́ ìjọba kan wà tí wọ́n ń pè ní SDAT, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti díye lé gbogbo ilé àti ilẹ̀ ní ìpínlẹ̀ yìí. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ẹnikẹ́ni lè kọ nọ́ńbà ilé àti orúkọ òpópónà, láìsan kọ́bọ̀, kí ó sì rí orúkọ onílé, ọdún tí wọ́n kọ́ ilé náà, bí ó ti fẹ̀ tó, iye tí ìjọba dá lé e, ọjọ́ tí wọ́n tà á kẹ́yìn àti iye tí wọ́n tà á.

Ẹ kíyè sí nǹkan mẹ́ta níbẹ̀. Èkínní, iye tí ìjọba dá lé ilé kì í ṣe iye ọjà. Ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń tún un dá, ọjà sì lè ti sá síwájú rẹ̀. Èkejì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí wọ́n tà á, ẹ ó rí "Arms Length", èyí tó fi hàn pé àjèjì sí àjèjì ló tà á fúnra wọn. Bí ó bá jẹ́ "Non-Arms Length", ó lè jẹ́ pé ìyá ló fi lé ọmọ lọ́wọ́, iye rẹ̀ sì lè jẹ́ òdo. Ẹ má ṣe fi irú èyí díwọ̀n. Ẹ̀kẹta, ilé kan ṣoṣo kò tó. Ẹ wá ilé mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní òpópónà kan náà, tí yàrá wọn àti ọjọ́ orí wọn jọra, tí wọ́n tà láàrin oṣù mẹ́fà sẹ́yìn. Ìrìn yíká ọjà tí ìyá wa ń rìn náà nìyẹn, tábìlì ilé ìdáná la ti ń rìn ín níbí.

5. Owó tí pátákó kì í sọ rárá

Ká tilẹ̀ ní a ti mọ iye ilé. Jésù sọ nípa ọkùnrin tó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́, tí kò kọ́kọ́ jókòó ṣírò, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ sì di ohun ẹ̀sín. Ní káńtì wa, ìṣírò náà ní ẹsẹ̀ mẹ́rin.

Àkọ́kọ́ ni owó ọ̀pá omi. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò titun ní Prince George's, ẹni tó kọ́ àwọn ilé náà ló ri ọ̀pá omi àti ti ìdọ̀tí mọ́lẹ̀, yóò sì máa gba owó rẹ̀ padà lọ́wọ́ àwọn onílé lọ́dọọdún fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n ń pè é ní "front foot fee". Ó yàtọ̀ sí owó omi tí WSSC Water ń gbà, ilé ló sì ń tẹ̀ lé, kì í ṣe ènìyàn. Bí ẹnìkan bá ta ilé, ẹni tó rà á ni yóò máa san ìyókù. Òfin ní kí wọ́n sọ ọ́ fún olùrà nínú ìwé àdéhùn. Ẹ wá a níbẹ̀.

Èkejì ni owó ẹgbẹ́ àdúgbò, HOA tàbí ti kóńdò. Ẹ béèrè iye rẹ̀ lóṣù, àti bóyá wọ́n ti ń gbèrò láti fi kún un.

Ẹ̀kẹta ni owó orí gbígbà ilé. Káńtì wa ń gba ìdá 1.4 nínú ọgọ́rùn-ún, ìpínlẹ̀ ń gba ìdá 0.5. Lórí ilé $400,000, èyí jẹ́ $5,600 àti $2,000, owó ìforúkọsílẹ̀ ìwé sì tún wà lẹ́yìn rẹ̀. Olùrà àti olùtà sábà máa ń pín in. Ẹni tó bá ń ra ilé fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Maryland, tí yóò gbé inú rẹ̀, ní ìdẹ̀ra: ti ìpínlẹ̀ yóò di ìdajì. Ẹ má ṣe gbàgbé láti béèrè fún un.

Ẹ̀kẹrin ni iye owó tí a fẹ́ yá. Owó náà jẹ́ ọjà, òun pẹ̀lú sì ní iye tí a lè fi pamọ́. Ní ọdún 2008, ìlú Baltimore pe báńkì Wells Fargo lẹ́jọ́. Ní 2009, àwọn tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí búra ní kóòtù pé wọ́n gba inú àwọn ìjọ àwọn adúláwọ̀ kọjá láti ta owó yíyá tó ní èlé gíga. Báńkì náà sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2012, ó gbà láti san $175 mílíọ̀nù láti fi parí ẹjọ́ tí iléeṣẹ́ ìdájọ́ ìjọba àpapọ̀ pè é, láìjẹ́wọ́ pé òun ṣẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìwé owó yíyá wá sí gbọ̀ngàn ìjọ, tí ó sì ń pe Hallelúyà, ẹ jẹ́ kí a bá a pe Hallelúyà, kí a sì tún ka ìwé rẹ̀. Òfin ní kí ẹni tó fẹ́ yá wa lówó fún wa ní ìwé olójú ewé mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní "Loan Estimate" láàrin ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta tí a bá ti béèrè fún owó náà. Ẹ gba irú ìwé yìí níbi mẹ́ta, kí ẹ tẹ́ wọn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

6. Bí a óò ṣe ṣe é

Bí ẹ bá rí ilé tí kò ní iye, ẹ kọ àdírẹ́sì rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ má tíì pe ẹnikẹ́ni. Ẹ lọ wo ìwé SDAT, kí ẹ wá àwọn ilé tó jọ ọ́. Ẹ kọ iye tí ẹ rò pé ó tó àti iye tí ẹ kò ní kọjá sórí bébà, kí tọkọtaya jọ fohùn ṣọ̀kan lé e. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ pè. Bí wọ́n bá bi yín pé eélòó lẹ ní, ẹ dáhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Báńkì ti yẹ̀ wá wò, a tóótun. Ẹ jọ̀wọ́, eélòó ni onílé ń béèrè? Ẹ bá wa kọ ọ́ ránṣẹ́." Ẹ má ṣe fi lẹ́tà báńkì hàn títí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n, kí ẹ sì ní kí báńkì kọ iye tí ẹ fẹ́ ná sínú lẹ́tà náà, kì í ṣe gbogbo iye tí agbára yín gbé. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Ẹ má ṣe rà á láìjẹ́ pé olùyẹ̀wò ilé wọ inú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ajẹ́ńtì tiyín, ẹ mọ̀ pé láti August 17, ọdún 2024, àwọn ajẹ́ńtì tó wà nínú irú àkójọ tí a sọ lókè gbọ́dọ̀ bá olùrà kọ ìwé àdéhùn kí wọ́n tó mú un wo ilé, iye tí wọn yóò gbà sì gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Iye náà ṣeé dúnàádúrà. Àwọn olùdámọ̀ràn tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí tún wà. Ní káńtì wa, Housing Initiative Partnership ní Hyattsville jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Abèèrè kì í ṣìnà.

Ìbéèrè fún ìjíròrò nínú ìdílé

1. Kí ló dé tí Ábúráhámù kò fi gba ilẹ̀ náà lọ́fẹ̀ẹ́? Kí ni à bá ṣe bí àwa bá wà nípò rẹ̀?
2. Ẹ wá ilé tí ẹ ń gbé báyìí, tàbí ti aládùúgbò, nínú ìwé SDAT. Kí lẹ rí níbẹ̀ tí ẹ kò mọ̀ tẹ́lẹ̀?
3. Ẹ mú ìkéde gbàǹjo kan, kí ẹ fi hàn àwọn ọmọ èyí tó jẹ́ gbèsè àti èyí tó jẹ́ owó àsansílẹ̀.
4. Báwo ni ìjọ ṣe lè ran ìdílé tó fẹ́ pàdánù ilé rẹ̀ lọ́wọ́ láìdójú tì í?

Àdúrà wa ni pé kí Olúwa fún olúkúlùkù ìdílé ní ilé tí yóò gbé inú rẹ̀ ní àlàáfíà, tí gbèsè rẹ̀ kò ní gba oorun lójú rẹ̀. Àwọn tó ti ń wá a fún ọdún pípẹ́, kí Ó má ṣe jẹ́ kí ìkánjú mú wọn. Ní orúkọ Jésù. Àmín.